Ìlú Tí Bàbá Fi Kún Ìrìn Àjò Wa

Ọjọ́ tí a fa ọ̀nà ìrìn àjò wa sórí máàpù ní Fìdítì kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Àbúrò mi, Bọ́sẹ̀, tó ń gbé ní Pọ́túgà, fẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ gbé èmi àti bàbá wa gba etí òkun títí dé Sípéènì fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó ń pe orúkọ ìlú lórí fóònù, mo ń fi pẹ́ńsù fa ìlà.

Lójijì, Bàbá já pẹ́ńsù gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fa ìlà kúrò létí òkun lọ sí ìlú kékeré kan ní Sípéènì. Ibẹ̀ ni Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n wa, ti pè wá kẹ́yìn. Ó ta oko ẹ̀gẹ́ Bàbá ní Akínmọ́rìn kó tó gba aṣálẹ̀ lọ, láti ọdún méje sì ni Bàbá ti sọ orúkọ rẹ̀ di èèwọ̀ nílé wa.

Mo ka orúkọ ìlú náà fún Bọ́sẹ̀.

"Bàbá, tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́ ńkọ́?" ni mo bi wọ́n.

"Èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Èmi náà ni n ó lọ kan tirẹ̀."

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, Bàbá gbàdúrà, wọ́n ń dárúkọ àwọn arìnrìn-àjò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́ta la ń lọ. Orúkọ mẹ́rin ni Bàbá pè.