Ta Ló Fọwọ́ Kan Ẹ̀rọ Yìí?

Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà tó ń yọ yín lẹ́nu dé ṣọ́ọ̀bù Gafar ní Malu Road, kò ní í kí yín tán kó tó béèrè pé, "Ta ló fọwọ́ kàn án?" Èmi tí mò ń ta táyà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀ ti gbọ́ ìbéèrè yẹn títí tí mo fi lè sín in jẹ. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sì mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ látọjọ́ tí a ti jọ wà níbẹ̀, ẹ̀bi ohun tó bàjẹ́ kò já lé e lórí rí. Bí kì í bá ṣe iná ìjọba ló fà á, á jẹ́ ọmọ oníbàárà. Bí kì í bá ṣe ọmọ, á jẹ́ eku.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, Josephine lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Mummy Dámi ni gbogbo wa ń pè é, torí Olúwadámiláre ọmọ rẹ̀. Ọ́fíìsì Alhájì Hussein, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road. Òun ló ń wá ìwé ẹrù nínú kọ̀ǹpútà. Bí àwọn aṣọ́bodè bá dá kọnténà kan dúró, Mummy Dámi ni yóò fa àwọn ìwé àtijọ́ yọ kí wọ́n lè fi jà fún un. Òun náà ló mú Gafar lọ síbẹ̀ nígbà tí kò tíì ní ju àpò irinṣẹ́ kan lọ. Ó ní, "Alhájì, ọmọ mi ni, ẹ bá mi fún un níṣẹ́."

Gafar bá wọn to ẹ̀rọ ńlá kan tó ń tọ́jú gbogbo ìwé wọn. Àwọn dísíìkì ńlá inú rẹ̀, níbi tí ìwé ń wà, ń gba nǹkan púpọ̀, àmọ́ wọ́n ń wọ́ bí ìgbín, ló bá fi dísíìkì kékeré kan tó yára síwájú wọn. Bíi tábìlì iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ ṣe máa rí i: ọjà táwọn èèyàn ń béèrè jù ló ń wà lórí rẹ̀, kí èèyàn má baà máa sáré lọ sí yàrá ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yan ohun tó máa wà níbẹ̀. Ìwé ń jáde kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo ọ́fíìsì sì ń yin Gafar.

Nígbà tó yá, wọ́n jí epo jẹnẹrétọ̀, Alhájì bínú, ó ra kámẹ́rà sí gbogbo igun. Gafar ní kí àwòrán wọn máa wọ inú ẹ̀rọ kan náà. Alhájì ní àwòrán ń gbọ̀n. Gafar bá yí nǹkan kan pa dà, pé kí gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá gbé wá kọ́kọ́ gba orí dísíìkì kékeré. Àwòrán dúró, Alhájì rẹ́rìn-ín, Gafar kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbàgbé pé òun ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mummy Dámi á pe ìwé, àmì roboto kan á máa yí lójú kọ̀ǹpútà, á máa yí ṣáá. Wọ́n pe Gafar. Bó ṣe wọlé, ó ní, "Ta ló fọwọ́ kàn án?" Gbogbo ojú bá yí sí Mummy Dámi.

Ìyá náà ní, "Èmi ni mò ń lò ó, Gafar, àmọ́ mi ò kúkú ṣe é ní nǹkan kan."

Gafar fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó pààrọ̀ wáyà, ó pa á, ó tún tàn án. Ó pe ìwé kan, ó pẹ́. Ó tún ìwé yẹn kan náà pè, ó yọ wàrà, torí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé iwájú ni. Kò pe òmíràn. Ó ní, "Alhájì, nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ yìí o."

Gbólóhùn yẹn ló dá obìnrin náà lẹ́bi. Alhájì ní bí nǹkan kan ò bá ṣe ẹ̀rọ, a jẹ́ pé èèyàn ni nǹkan ń ṣe. Ó ní kí Gafar gbé àwòrán kámẹ́rà jáde, wọ́n sì rí Mummy Dámi lórí àga, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo kọ̀ǹpútà, kò ṣe nǹkan kan.

"Ṣé iṣẹ́ nìyí?" ni Alhájì wí. Ó ní kó lọ sinmi nílé, pé tí oṣù bá parí, òun á sọ bóyá kó pa dà wá tàbí kó máa lọ pátápátá. Ó sì gbé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar sórí àga rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Alhájì ní kí Gafar da àwòrán náà sórí fíláàṣì fún òun, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun fìyà jẹ ìyá náà lásán. Gafar tẹ̀ ẹ́, àwòrán sì yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Peculiar tó ń pe ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá kígbe pé, "Brọ̀dá, abeg, ẹ wo nǹkan yìí. E just dey turn."

Gafar wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kí ló dé tí àwòrán tẹ́nikẹ́ni kì í sábà wá fi ń yára, tí ìwé tí gbogbo wọn ń wá sì ń rákò? Ó wo inú dísíìkì kékeré. Àwòrán kún ibẹ̀ dẹ́nu: àwòrán ilẹ̀kùn, àwòrán àga, àwòrán ògiri. Ìwé kọnténà ò ráyè. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá wá ìwé dé iwájú, kò ní í bá a níbẹ̀, á sì tún pa dà lọ sẹ́yìn. Ìbéèrè rẹ̀ àtijọ́ dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ó rántí ohun tó yí pa dà lọ́jọ́ tí àwòrán ń gbọ̀n.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣe. Ó rọra darí kámẹ́rà sí dísíìkì ńlá tiwọn lọ́tọ̀, kò sọ fún ẹnì kan. Ó rò pé bí ẹ̀rọ bá ti yára, ọ̀rọ̀ á yanjú fúnra rẹ̀, wọn á pe ìyá náà pa dà. Ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fìà. Alhájì dúró lẹ́yìn Peculiar, ó ń mi orí.

Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ kan náà, àga kan náà. Ọwọ́ ló yàtọ̀."

Gafar wá jókòó sórí táyà mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni Mummy Dámi ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ.

Ó ní, "Gafar, o ò rí i, wọ́n ní ọmọ yẹn ń ṣe é kíákíá. Àṣé èmi ni. Pásítọ̀ ní ẹ̀mí ìlọ́ra ni, mo ti ń gbààwẹ̀ sí i. Jọ̀ọ́, bá mi fi sí àdúrà ní mọ́ṣáláṣí yín."

Gafar ò lè ṣe àmín. Nígbà tó kọjá tán, inú bí mi. Mo ní, "Ṣé o gbọ́? Obìnrin ń febi pa ara rẹ̀ torí ohun tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ ṣe. Ìwọ lo máa ń béèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án. Lọ dáhùn!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ọ́fíìsì, ó dá ẹ̀rọ pa dà sí bó ṣe wà nígbà tó ń fà, ó sì dúró dìgbà tí àwòrán tún kún dísíìkì kékeré. Ó wá bẹ Alhájì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó síbí, kí ẹ fa ìwé ọdún tó kọjá kan yọ."

Alhájì jókòó. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó pòṣé, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, ó fọwọ́ lẹ́rán. Gafar bá gbé àwòrán ìṣẹ́jú yẹn jáde, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mummy Dámi. Èèyàn méjì, àga kan náà, ọwọ́ lẹ́rán. Alhájì wò ó títí.

Ó ní, "Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?"

Gafar dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, sà."

Alhájì bú u dáadáa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ó ní Peculiar á bọ́ sórí tábìlì mìíràn, pé Gafar fúnra rẹ̀ ni kó lọ pe ìyá náà. Gafar dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Mummy Dámi, ó ṣàlàyé, ó ń retí èébú. Ìyá náà ò bú u. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe èmi ni?"

"Ẹ̀yin kọ́, Mummy. Èmi ni."

Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Ó ti pa dà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ẹ̀rọ sì ń sáré. Àmọ́ Gafar sọ fún mi pé nígbà tóun lọ yẹ kámẹ́rà wò, òun rí i bó ṣe ń jókòó: ẹ̀yìn rẹ̀ nà tantan, ọwọ́ méjèèjì wà lórí bọ́tìnnì kódà bí kò bá ní ohun tó fẹ́ tẹ̀, kì í fara ti àga, á sì máa gbójú sókè wo kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń tún ìyẹn ṣe.