Ibi Tó Yẹ Kí Akọrin Ti Dákẹ́

Bàbá Dùùrù ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórin, ó sì ń tẹ dùùrù fún wọn. Nígbà tí etí rẹ̀ di, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ orin ti parí nìyẹn. Àṣé irọ́ ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá ń kọ orin bí ẹni tí wọ́n ń lé, orin olóhùn mẹ́rin tí akọrin ń wò nínú ìwé kọ. Ó ní orin tó wà nínú òun ò mọ̀ pé etí òun ti di.

Tó bá ti kọ ìlà kan sórí ìwé, ẹ̀gbọ́n mi á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa kọ ọ́ lórin. Ọkọ rẹ̀ á fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn kó lè mọ ibi tó ti mí.

"O mí láàárín ọ̀rọ̀," á ní. "Bẹ̀rẹ̀ padà."

"Ọbẹ̀ mi ń jóná o," lẹ̀gbọ́n mi á wí. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Á bẹ̀rẹ̀ padà náà ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ikọ́ fée ló pa á nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láyé mi. Ìyá rẹ̀ gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń dún títí ó fi dá. Bàbá ò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ tó fi lé ọmọ láyà ló fi mọ̀ pé ó ti tán.

Ó kọ orin kan fún ọmọ náà. Lápá ìparí, gbogbo akọrin á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mí, títí yóò fi ni àwọn tó ń gbọ́ lára. Ó ní ibẹ̀ lọmọ òun wà. Ohun tó kù tó ń fẹ́ láyé ni kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó fojú rí i.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin kan gba orin náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́, Bàbá Dùùrù wọ kóòtù, ó jókòó níwájú láàárín èmi àtìyàwó rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo gbọ́? Orin àtijọ́ kan tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀! Tirẹ̀ ti le jù fún wọn, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ. Wọ́n rò pé adití ni, kí ló fẹ́ mọ̀? Bí mo ṣe fẹ́ dìde, ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ kọjá itan ọkọ rẹ̀, ó di aṣọ mi mú. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sọ́kọ rẹ̀ bí ẹni pé orin náà dùn. Omi kún ojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí ọkùnrin yìí ló di, ojú rẹ̀ ò fọ́. Ẹnu àwọn akọrin àti èjìká wọn ló ń wò. Ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé, títí wọ́n fi tẹríba táwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá akọrin wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà ló tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Wọn ò dákẹ́ níbì kankan."

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè purọ́ mọ́. Ó fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá Dùùrù ò kọ orin mọ́. Nígbà tóun náà kú, ọ̀gá akọrin kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá síbi ibojì, wọ́n fẹ́ kọrin ìdágbére.

"Ṣé ẹ ti kọ́ orin ọmọ mi?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Rárá, mà. Ó le jù fún wa."

"Ẹ yáa dákẹ́ nígbà náà. Ìyẹn ni gbèsè tẹ́ ẹ jẹ ẹ́."

Wọ́n dákẹ́. Mo ń wo èjìká wọn, kí n lè mọ ẹni tó máa mí.