Ọjọ́ Tí Fọlárìn Dọ̀bálẹ̀ Ní Ilé Ìjọba

Ọdún tí àrùn kòrónà rọlẹ̀ díẹ̀, tí àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ojú ara wọn láìsí ìbòmú, ni ìjà pátákó ẹnu ọ̀nà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kékeré kan létí Dallas. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí àwa tí a jọ jà ṣì jọ ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa máa ń bi mí pé kí ló gbé nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì dé ìdí ọ̀rọ̀ ìbọn. Ẹ jókòó, mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ilé ìjọba ìlú náà kò tóbi. Ibẹ̀ la ti ń san owó omi, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń yá ìwé kà, ibẹ̀ náà ni kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó sáré jù lójú títì. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìbọn wọlé. Àwọn kan wá fẹjọ́ sùn pé kóòtù àti ọ́fíìsì rẹ̀ nìkan ni òfin fi dù wọ́n, pé gbogbo ìyókù ilé náà jẹ́ ti ará ìlú, ẹni tó bá sì ní ìwé àṣẹ lè gbé ìbọn rẹ̀ wọ ibẹ̀. Lọ́yà ìlú gba ìgbìmọ̀ ìlú nímọ̀ràn, wọ́n yọ pátákó náà títí wọn yóò fi dìbò.

Ìbọn kì í ṣe àjèjì sí mi. Nígbà tí àwa nọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, àwọn ọlọ́pàá sì to ìbọn síwájú géètì ọsibítù bí ẹni pa àtẹ. A kọrin mọ́ wọn títí ohùn fi há. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, a mọ ẹni tó ni ìbọn: ìjọba ni. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ní Texas ni ọkùnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà owó omi, tó di ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú, tí ìbọn wà ní ìbàdí rẹ̀, tó sì kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ní bí kò bá sí nǹkan kan, kí wá ni ti ìbọn? Ó ní nítorí ìbọn náà ni kò fi sí nǹkan kan. Mo gbé ìdáhùn yìí délé, mo ń jẹ ẹ́ lẹ́nu títí di alẹ́, n kò rí i gbé mì.

Bí a ṣe kó ara wa jọ láti bèèrè pátákó náà padà nìyẹn, àwa nọ́ọ̀sì díẹ̀, àwọn olùkọ́, àti Fọlárìn. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni Fọlárìn, ibí ni wọ́n bí i sí, èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà náà ó ń múra láti fẹ́ Ṣèyí, ọmọ alàgbà kan ní ìjọ wa. Ẹ wá wo ohun tí ayé lè ṣe: Bàbá Ṣèyí ni ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù láàárín àwọn tó fẹ́ kí ìbọn máa wọlé.

Mo lọ bá a nílé, kí n lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

“Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ jókòó,” ó ní. “Mi ò bá yín jà o. Àmọ́ nígbà tí àwọn olè wọlé wa l'Ékòó, ọwọ́ òfo ni mo fi ń wo àbúrò mi títí ó fi kú. Never again.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé nítòsí kóòtù náà lẹ ti fẹ́ máa gbé ìbọn?”

“Ṣebí ibẹ̀ ni inú ti máa ń bí èèyàn jù?”

“Ohun témi náà ń sọ nìyẹn!”

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. N kò lè bá a wí. Mo kàn ń ṣe kàyééfì pé ìdí kan náà lè gbé èmi gba ọ̀tún, kó sì gbé òun gba òsì.

Ọ̀sán ni ìgbìmọ̀ fi ìpàdé náà sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwa so rìbọ́nì mọ́ àyà, àwọn tó ń ta kò wá fi ìbọn kọ́ ìbàdí, kò sì sẹ́ni tó gbé ohùn sókè. Bàbá Ṣèyí dúró nídìí ògiri pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó bo ìbọn ìbàdí rẹ̀. Fọlárìn já wọlé láti ibi iṣẹ́ ní Lewisville, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bó bá máa sọ̀rọ̀ tako àna rẹ̀ níta gbangba, kó kọ́kọ́ fi gbogbo ara kí i, kí bàbá lè mọ̀ pé kì í ṣe àfojúdi.

Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó dé iwájú Bàbá, ó ní, “Ẹ káàsán, sà,” ó ju báàgì sílẹ̀, ó sì na gbọọrọ. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń fọwọ́ kanlẹ̀ lásán lóde òní o. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú báàgì náà dún gbàà lórí táìlì.

Ohùn obìnrin kan ta láti ẹ̀yìn: “Gun! Get down!”

Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe wó lulẹ̀! Èmi tí orúnkún ń dùn, mi ò mọ ìgbà tí mo bá ara mi lábẹ́ àga. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bàbá Ṣèyí nìkan ló ṣì dúró. Ìbọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ẹnu ìbọn náà síwájú, kò sì sí ohun kan níwájú rẹ̀ ju ìpàkọ́ Fọlárìn lọ.

Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Fọlárìn ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dojú bolẹ̀, kò mọ ohun tó wà lókè orí òun. Bó bá jẹ́ pé ó fò sókè bí ariwo ṣe ta ni, n kò fẹ́ rò ó dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

“Daddy?” ó ní.

Láti abẹ́ àga ni mo ti sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń bá aláìsàn tó ń jí sọ̀rọ̀: “Bàbá Ṣèyí, ọmọ yín ló ń kí yín.”

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì rọra da ẹnu ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ṣọ́ sáré dé, wọ́n gba ìbọn náà, wọ́n fọ̀rọ̀ wá Bàbá lẹ́nu wò. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó fara pa, wọ́n ní kí ìpàdé máa lọ.

Nígbà tí wọ́n pe Fọlárìn, kò ka gbogbo ohun tó ti kọ sílẹ̀. Ó kàn ní, “I was saying good afternoon.” Ó jókòó. Wọ́n pe Bàbá Ṣèyí. Ó dìde, ó ní òun kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Ìgbìmọ̀ dìbò, wọ́n sì gbé pátákó náà lọ sí ẹnu ọ̀nà kóòtù àti ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ńlá, ibi owó omi àti ibi ìwé àwọn ọmọdé bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà mo tún lọ bi Bàbá léèrè. Mo fẹ́ mọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀sùn. Mo ní, “Kí lẹ rí lọ́jọ́ náà?”

“Mi ò rí nǹkan kan. Ọwọ́ mi ti débẹ̀ kí èmi tó débẹ̀.”

“Ṣé ẹ máa gbé e jù sílẹ̀?”

“Rárá. Àmọ́ mi ò sùn dáadáa mọ́.”

Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé a yí i lọ́kàn padà. A rí ẹnu ọ̀nà kóòtù gbà, ẹni tí inú ń bí kò lè gbé ìbọn dé iwájú adájọ́ níbẹ̀, mo sì ń dúpẹ́. A pàdánù ìyókù, ẹ̀yin lẹ ṣì máa lọ bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìgbìmọ̀ kankan kò dìbò lé lórí, òun ló sì ń dùn mí jù. Fọlárìn ló sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ tí òun àti Bàbá kọ́kọ́ tún pàdé níta, níbi tí wọ́n ti ń ra gáàsì, ó ń tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ ni Bàbá sáré gbá a léjìká mú.

“Má dọ̀bálẹ̀ fún mi níta mọ́,” ó ní. “Dúró, ọmọ mi. Jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa rí i pé ọwọ́ rẹ ṣófo.”

Fọlárìn dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì kí àna rẹ̀ bẹ́ẹ̀.