Omi Tó Dà Sórí Pósítà

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìyá mi kórìíra òwe yìí títí dòní, nítorí òun gan-an ni mo máa ń pa á fún.

Ọdún tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni ìjà jó ilé wa ní etíkun Oǹdó. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé èmi àti ìyá mi dé àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà, l'Ékòó, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tí ilé wọn ò gba àwọn fúnra wọn. Nígbà tó yá, a rí yàrá kan gbà ní Ṣómólú, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pákó àtijọ́ kan. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nísàlẹ̀ wa. Onílé wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní òun kì í fẹ́ gba àwọn tó sá ogun wá, wàhálà wọn pọ̀ jù; ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹjọ́ wa sùn, ká kẹ́rù wa lọ́jọ́ náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí la ò bá tún ṣe? Kò síbòmíràn tí a lè lọ.

Ní abúlé wa, orí omi la kọ́lé sí. Pákó la fi ń tẹ́ ilẹ̀ yàrá, a kì í sì í kàn án pọ̀ tán, nítorí inú àlàfo àárín rẹ̀ la ń gbá pàǹtí sí, ibẹ̀ náà la ń da omi ìdọ̀tí sí. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é láti kékeré nìyẹn. Láàárọ̀ kejì tí a dé Ṣómólú, ó fọ ẹja tán, ó rí àlàfo láàárín pákó, ó sì da gbogbo abọ́ omi náà síbẹ̀.

A gbọ́ igbe nísàlẹ̀.

Atẹ̀wé náà gòkè wá pẹ̀lú pósítà olóṣèlú kan lọ́wọ́, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ olóṣèlú náà níwájú orí.

"Màmá, kí lẹ dà sórí iṣẹ́ mi? Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e."

Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Nílé wa, omi ló máa ń wà lábẹ́ ilé. Mo gbàgbé pé èèyàn ló wà níbí."

Ọkùnrin náà yọ ìpẹ́ ẹja kúrò lára pósítà. Inú ń bí mi sí ìyá mi débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló dìde, ó tú okùn àwọ̀n tó bá wa sá wá, ó ta á yí àgbàlá ká. A sá pósítà sórí rẹ̀ bí a ṣe ń sá ẹja. Ojú olóṣèlú náà kún àgbàlá, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló bàjẹ́.

Ẹnu iṣẹ́ yìí la wà tí onílé wọlé. Ó wo okùn, ó wo àjà ṣọ́ọ̀bù tó ń kán tótó.

"Ta ló da omi síbí?"

Mo ti ń ro ibi tí a máa sùn.

Atẹ̀wé kò gbójú sókè kúrò lára pósítà tó ń sá. "Òrùlé yín ló jò, Àlàájì. Òjò rọ̀ lánàá."

Òjò kẹ̀? Ọyẹ́ ti bó ètè gbogbo wa. Onílé wo ojú ọ̀run, kò rí ìkùukùu kankan. Ó wá wò wá títí.

"Màá bá káfíńtà sọ̀rọ̀," ó ní, ó sì jáde.

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún, ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí ilé wa ti jó. Atẹ̀wé ní, "Màmá, ẹ rọra o, ẹ má sunkún sórí pósítà mi. Ó ti ń gbẹ."