Ti Ọyẹ́ Ni

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bàrígà, oṣù méjì péré ló wà nínú ọdún ilé wa, oṣù ọyẹ́ méjèèjì. Gbogbo oṣù yòókù, ìmúrasílẹ̀ ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé Ṣómólú àti Bàrígà láyé ìjọba ológun, ẹ ó rántí pé ọyẹ́ ìgbà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ eléyìí tí a ń rí lónìí, tí yóò yọjú lọ́sẹ̀ kan tí yóò sì sá lọ. Ọyẹ́ ìgbà yẹn a máa wá jókòó ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ò ní rí ilé tó wà ní òdìkejì títì. Ètè á sán, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú èlùbọ́, bí ẹnìkan bá sì pa yín lẹ́rìn-ín láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni yóò ti ètè yín jáde.

Yàrá méjì la gbà nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Ladi-Lak. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku. Bàámi ń gé ìwé nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, Màámi sì ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ. Àwa ọmọ jẹ́ mẹ́ta: Àkànbí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, èmi Àṣàkẹ́, àti Morẹ́nikẹ́ àbíkẹ́yìn. Ìgbà náà ni àwọn ológun ń pariwo lórí rédíò pé kí gbogbo ará ìlú fún bẹ́líìtì mọ́ra. Màámi a ní òun kò mọ bẹ́líìtì tí wọ́n ń wí, ìró lòun ń ró ní tòun. Síbẹ̀, n kò rò pé ẹnikẹ́ni wà ní gbogbo àdúgbò wa tó fún ìgbànú mọ́ra tó obìnrin yẹn.

Ẹyọ ìṣáná kan ni ilé wa ń jẹ lóòjọ́. Bí a bá ti fi tan àtùpà, ìwé tí a ká róbótó la ó fi gbé iná láti ibẹ̀ lọ sínú sítóòfù. Bí a bá da mílíìkì tán nínú agolo, a ó fi omi gbígbóná ṣan inú rẹ̀ sínú ẹ̀kọ, Àkànbí á tún fi ahọ́n parí èyí tó kù. Àjákù ọṣẹ la máa ń tẹ̀ pọ̀ mọ́ra títí wọn yóò fi di ọṣẹ mìíràn, tí kò ní àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè pè lórúkọ. Orí ẹja la máa ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ìlàjẹ létí omi, nítorí Màámi gbà pé orí ni ẹja fi ń ronú, pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹ́ kò ní fìdí rẹmi nílé ìwé. Mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò lọ́dún kan, ó ní n kò jẹ ojú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá wá fi sítóòfù sílẹ̀ tó ń jó lásán, yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè títí Màámi yóò fi ka Sáàmù kan tán. Màámi kì í sì í yan Sáàmù kúkúrú.

Ti Bàámi ni ìwé. Àwọn tí wọ́n bá gé dànù níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń dì wálé lábẹ́ abíyá. Òun la fi ń ṣe ìṣirò, òun la fi ń dáná. Bí ọyẹ́ bá sì ti ń sún mọ́lé, Bàámi a po ògì kó ki bí àtè, a ó máa fi lẹ ìwé mọ́ gbogbo ojú fèrèsé tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Káàdì ìgbéyàwó tí wọ́n tẹ̀ ṣì ló pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ ìyàwó tí mo mọ̀ láti ara fèrèsé wa kò ní òǹkà. Morẹ́nikẹ́ a máa hun ìtàn fún wọn, pé eléyìí kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, pé tọ̀hún ti sá lọ ni wọ́n ṣe da káàdì rẹ̀ nù. Bí ó bá ti ń sọ ọ́, Bàámi á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ejìká rẹ̀ á sì máa mì.

Morẹ́nikẹ́ ni a ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí. Àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló wà lára rẹ̀, èyí tí dókítà pè ní síkúlà. Bí òtútù bá mú un, inú eegun ló ti máa ń dùn ún. Ẹ ò ní gbọ́ igbe. Yóò kàn di ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ jẹ ni, yóò sì máa wo àjà. Dókítà ti sọ fún Màámi pé òtútù ni ọ̀tá ọmọ yìí, Màámi kò sì mọ òtútù kankan tó ń jẹ́ òtútù lẹ́yìn ti ọyẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ òmíràn ní àdúgbò wa.

Abẹ́ ibùsùn Màámi ni ilé ìṣúra wà. Kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí kí ọyẹ́ tó dé, kẹrosíìnì ì báà wọ́n débi pé gàrí la ó mu sùn. Àpò èédú wà níbẹ̀, igbá òrí wà níbẹ̀. Nínú àpótí onírin ni kúbùsù wà, pupa fòò, ó nípọn, ó sì rọ̀ bí ìyẹ́ òròmọdìẹ. Ọdún kan gbáko ni Màámi fi dá àjọ kó tó rà á. Kì í fọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú, nítorí ó ní omi a máa jẹ kúbùsù, a sì máa sọ ọ́ di aṣọ lásán. Ohunkóhun tí a bá béèrè níbẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: “Ti ọyẹ́ ni.” Òrí díẹ̀ ńkọ́, ìgúnpá mi ti sán? Ti ọyẹ́ ni. Ṣúgà onígun tí àbúrò Bàámi fi ta wá lọ́rẹ ńkọ́? Ti ọyẹ́ ni. Àkànbí ní ọyẹ́ ni àkọ́bí Màámi, òun ló tẹ̀ lé e. Bí Màámi bá gbọ́ ọ, á ní kí a máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Bí ọyẹ́ bá wá dé, ilé wa a di ilé ọlọ́lá fún ẹnìkan ṣoṣo. Èmi àti Àkànbí á wẹ omi tútù lẹ́yìnkùlé, eyín wa á máa gbá ara wọn, a ó máa fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ ń jẹ. Omi gbígbóná ni ti Morẹ́nikẹ́. Lẹ́yìn náà òrí, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ gbígbóná, lẹ́yìn náà kúbùsù pupa tí wọn yóò fi wé e láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, èédú á sì máa jó nínú àdògán lẹ́nu ọ̀nà. Inú kúbùsù yẹn ni yóò ti máa pàṣẹ fún wa. Á ní, “Àṣàkẹ́, o ò wẹ ẹ̀yìn etí ẹ o! Padà lọ!” Ìyá Ọyẹ́ ló ń pe ara rẹ̀. Bí àwọn ọmọbìnrin ilé bá ń ṣeré tẹ́ńtẹ́n níta, òun ni adájọ́ láti ojú fèrèsé, ó sì ń gba rìbá: ẹni tó bá fún un ní gúgúrú kì í pàdánù. N kò jowú rẹ̀ rí. Inú wa a máa dùn bí a bá rí i tí ara rẹ̀ móoru.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Màámi á wọ aṣọ tó dára jù, á lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ó ya gbogbo ìyàwó kúrò lójú fèrèsé. A ó sá kúbùsù sóòrùn, a ó ká a, ó di inú àpótí. Ìyá Sìkírá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó gbé yàrá iwájú, á wá kí Màámi kú oríire.

“Ìyá Àkànbí, ẹ kú ewu o. Ọmọ yìí tún ti rẹ́yìn ọyẹ́ lọ́dún yìí, Alihamudulilai.”

“Ọlọ́run ló ṣe é, Ìyá Sìkírá. Ó tún di ọyẹ́ mìíràn.”

Ọdún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ kò rí Morẹ́nikẹ́ gbé ṣe. Kò dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹrosíìnì tilẹ̀ ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì, Màámi sì ń fi yangàn pé ọyẹ́ tó ń bọ̀ yóò bá òun ní ìmúra. Ìdúpẹ́ ọdún náà ló tóbi jù tí mo rí. Kódà Bàámi jó dé iwájú pẹpẹ, Bàámi tí kì í jó.

Nínú oṣù keje, òjò ká Morẹ́nikẹ́ mọ́ ojú ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ó wọlé ní ọ̀sán, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń gbọ̀n. Màámi bọ́ aṣọ rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ tèmi méjì léra wọn, ó fi ìró bò ó. Morẹ́nikẹ́ ní, “Màámi, ẹ fún mi ní kúbùsù.” Màámi tún fa ìró mìíràn bò ó, ó ní, “Òtútù òjò lásán nìyí, ọmọ mi, á kúrò báyìí. Kúbùsù, ti ọyẹ́ ni.” Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó gbé e sáyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa á mọ́ra, ara rẹ̀ ló fi ń mú ara ọmọ rẹ̀ gbóná, ó ń kọ orin sí i létí. Èmi tí mo dúró níbẹ̀, n kò rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ta ni yóò yọ kúbùsù ọyẹ́ nínú oṣù keje?

Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, Morẹ́nikẹ́ ti ń di ẹ̀yìn ọwọ́ jẹ. Màámi ṣí àpótí nígbà náà. Ó fa kúbùsù yọ, ó fi wé e, òun náà ni Bàámi fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, Màámi ń sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà. Wọ́n lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Bàámi ló kọ́kọ́ padà wálé, kúbùsù náà wà léjìká rẹ̀, ó ti ká a dáadáa. Ìyá Sìkírá ló rí i lẹ́nu ọ̀nà tó figbe ta, igbe rẹ̀ ni èmi àti Àkànbí fi mọ̀.

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà, kò mọ̀ pé ẹni tó ń wá ti lọ. Bàámi di ìwé wálé bó ti máa ń ṣe, ó gbé e ti ògiri, kò sì sí ẹni tó po ògì. Màámi gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì lọ bá Ìyá Sìkírá, ó ní, “Ẹ gbà, ẹ fi dáná.” Kí obìnrin náà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Màámi ti yí ẹ̀yìn padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé omi gbígbóná sí garawa méjì lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan fún Àkànbí, ọ̀kan fún èmi. A kò rí irú rẹ̀ rí láyé wa. A dúró tì í, a ń wo èéfín omi náà, kò sí ẹni tó lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nínú wa, títí ó fi tutù. Ó ń dùn mí títí di òní.

Lóde òní, bí àwa tí a jọ lọ ilé ìwé bá pàdé lórí fóònù, a máa ń yin àwọn ìyá wa, pé wọ́n mọ nǹkan ṣọ́, pé àwọn ọmọ ìwòyí ń fi ṣòfò. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àmín mi kì í délẹ̀. Nínú ilé mi ní Ọbaníkòró, kò sí ohun tí à ń pa mọ́. Àwo àlejò la fi ń jẹ ẹ̀wà. Aṣọ tí mo bá rà lónìí, mo lè wọ̀ ọ́ lọ ra ata lọ́la. Ọkọ mi ní ọwọ́ mi ń jò, kò sì purọ́. Àwọn ọmọ mi a máa fi omi gbígbóná wẹ̀ nínú ooru, wọn á pẹ́ níbẹ̀ títí ògiri yóò fi máa làágùn, n kì í sì í lè bá wọn wí.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi ń gbé báyìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, a jókòó ní pálọ̀, mo bi í léèrè ohun tí n kò bi í rí, bóyá ó máa ń rántí ọjọ́ tí Morẹ́nikẹ́ béèrè kúbùsù. Ó wá ní, “Ká ní mo yọ ọ́ fún un lọ́jọ́ náà, tí mo ń yọ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ òjò, tó gbó, tí ọyẹ́ wá dé tí ò bá nǹkan kan nílé, kí lo máa wá bi mí lónìí? Ẹyọ kan ni mo ní, Àṣàkẹ́.”

Iye kúbùsù tó wà nílé mi báyìí, n kò mọ̀. Mo lọ mú ọ̀kan, mo fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ooru ń mú òun. N kò gbé e kúrò.