Olóyèdé, Ẹni Tó Ń Gbẹ́ Ilé fún Ìlẹ̀kẹ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Òsì nípa ọjọ́ tí Bàbá Olóyèdé gun ọ̀kadà lé mọ́tò. Obìnrin kan ló wá láti Ìlọrin, ó ra àpótí ẹ̀ṣọ́ kan tí bàbá fi odindi oṣù mẹ́ta gbẹ́: igi apá tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ẹyẹ méjì lórí ìdérí, aṣọ àrán nínú. Obìnrin náà gbé e sínú mọ́tò, ó dúpẹ́, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan kó tó lọ: "Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wa ò ní sọnù mọ́." Ọ̀rọ̀ náà ò tètè yé bàbá. Ìgbà tó fi máa yé e, mọ́tò ti lọ.

Ó fò sẹ́yìn Issa ọlọ́kadà. Ìdòfin ni wọ́n ti bá a.

"Ẹ gba owó yín, kí ẹ fún mi ní àpótí mi."

"Kí ni mo ṣe, Bàbá?"

"Ulé ìlẹ̀kẹ̀ ni mo gbẹ́. N ò gbẹ́ ulé rìmóòtù." Ó ti tọrọ páálí indomíì kan lọ́wọ́ aláte ẹ̀gbẹ́ títì, ó gbé e lé obìnrin náà lẹ́sẹ̀. "Èyí á gbà á, á tún ku àyè fún ti fáànù."

Qudrah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ tí bàbá kú, ọjọ́ fídáù rẹ̀. Àwọn tó wá ṣàdúà ń rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ń di ikùn mú. Ẹ̀rín ò wá sí ẹnu tirẹ̀. Ó dìde, ó lọ jókòó sínú ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé e débẹ̀.

Asiat, ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́ ní ọjà, ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, inú àpótí bàbá ni wúrà rẹ̀ wà, èyí tó ní ibì kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ tẹ̀ kó tó ṣí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Àwọn àlùfáà ń wúkọ́ lóde. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, òógùn bò ó.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é ni?" Asiat ti ń sunkún.

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́n jù báyìí lọ lọ́jọ́ náà."

Láìsí yẹtí ni Asiat ṣe lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ kan gun orí àpótí náà, ó sì ṣí wọ̀ọ̀. Bàbá wo ewúrẹ́ náà títí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á, pé ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn tí iṣẹ́ ọwọ́ yé ní gbogbo Òsì.

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Qudrah ń wo irinṣẹ́ tó so mọ́ ògiri. Kò mọ orúkọ ìdajì wọn. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ó ní kí bàbá kọ́ òun níṣẹ́. Ọbẹ gé e ní àtàǹpàkò lọ́jọ́ kìíní, bàbá gba ọbẹ, kò sì gbé e fún un mọ́. "Ọwọ́ tó máa wọ òrùka nìyí," ló wí. Báyìí, kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Igi apá ti di èédú. Ike ni àwọn ìyàwó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sí. Lọ́dún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, ojú bàbá ti ṣú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó ra àpótí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó tó," Qudrah ti sọ fún un lórí fóònù nígbà náà.

"Bí mo bá jí, uṣẹ́ wo ni kí n máa ṣe?"

Qudrah gbé fóònù jìnnà sẹ́nu. Ó purọ́ pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Abdulhafeez, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹnì kan fẹ́ gba ìsọ̀ yìí, kó máa ta fóònù. Ó ní Mọ́ńdè lòun máa kó wọlé."

Qudrah mi orí pé òun ti gbọ́.

Ẹ̀yìn Abdulhafeez ni Ìyá Ṣèyítán, opó kan láti àdúgbò, wọlé, ó tú ìborùn rẹ̀. Àpótí tí bàbá gbẹ́ kẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀. Ìdérí rẹ̀ wọ́ débi pé eku lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó má fara kan igi.

"Mo sọ fún un pé ó wọ́," ni ìyá náà wí. "Ó ní ojú mi ló wọ́. Ó ní kí n máa dojú rẹ̀ kọ apá ọ̀tún bí mo bá ń wò ó."

Ẹ̀rín já lẹ́nu Qudrah, ó gùn, kò lè dá a dúró, àfi ìgbà tí omijé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ojú. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ bá káfíńtà ní Ìlọrin, kó bá yín gé e tọ́."

Ìyá Ṣèyítán fa àpótí náà mọ́ra. "Kí ló fẹ́ gé? Bàbá rẹ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Òrùka mi méjì àti tẹ̀sùbáà ọkọ mi ló wà nínú rẹ̀. Mo kàn ní kí o fọwọ́ kàn án ni."

Qudrah fi ọwọ́ kàn án. Ó mọ ibi tí ọbẹ ti yọ̀, ó mọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti sinmi díẹ̀, tó sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpótí náà wà láàárín wọn, títí wọ́n fi pè wọ́n pé oúnjẹ ti délẹ̀.