Ògiri Pupa Apọ́nlé

Apọ́nlé ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń pọ́n ọn lé. Akunlé ni, kò sì sí ilé tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní fẹ́ sọ di pupa. A-pọ́n-ilé! Bí o bá ra ọ̀dà funfun fún un, jókòó tì í ni o, torí bí o bá yíjú pẹ́nrẹ́n, ó ti ta pupa sí i. Ó ní funfun lásán kò yàtọ̀ sí ilé òkú. Olóríkunkun gbáà ni, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló pọ̀n ọ́n dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n ti ṣubú nínú ilé tó ń dá gbé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, kò sì fẹ́ wá bá ẹnikẹ́ni gbé. Ẹ̀rù ń ba Apọ́nlé pé bó bá tún ṣubú, kò ní sí ẹni tí yóò gbé e dìde. Ó bẹ̀ ẹ́ títí tí ẹ̀gbọ́n fi gbà láti wá wo yàrá kan nílé òun.

Apọ́nlé po ọ̀dà pupa, ó fi yẹ́lò díẹ̀ sí i kó lè móoru, kó má baà ta síni lójú. Ó fi kan ògiri, ó dúró kó gbẹ, torí ọ̀dà tútù kì í sọ òótọ́ àwọ̀ rẹ̀, ó sì tún un pò. Ògiri orí bẹ́ẹ̀dì nìkan ló kùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó dúró gbagidi.

“Kí lèyí? Ṣé ojú mi ò tíì pọ́n tó láyé ni? Ìpọ́njú ara ògiri ló wá kù! Mò ń lọ sílé mi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀já tẹ́ ẹ fi ń pọ̀n mí ni mo rántí, tí mo fi pò ó.”

“Irọ́ ńlá! Búlúù ni ọ̀já yẹn.”

Ó dun Apọ́nlé wọ eegun. Ó na ọwọ́ kó lè bá a gbé báàgì padà síta.

Ẹ̀gbọ́n kò fún un. Ó ń wo ògiri náà. Ó sún mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án.

“Ẹ̀wù mi ló pupa,” ló wí. “Ibi tó o máa ń nu ikun imú rẹ sí nìyẹn.”

Ọmọ tí wọ́n pọ̀n kì í kúkú rí ọ̀já. Ẹ̀wù ni imú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó tì í.

“Ó jọ ọ́ gan-an,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ikun nìkan ló kù.”